Láṣebìkan àti Ọpọ́n Ayò Iléèwé

Láṣebìkan, àgbẹ̀ oníṣu kan ní abúlé Ìdí-Òro, lè sú èèyàn! Bó bá ti ti oko dé, kò níṣẹ́ méjì ju kó lọ máa bá tíṣà jà. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà èwe rẹ̀, yóò sì máa ka òǹkà lákàtúnkà títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn kò sí.

Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ̀ kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí ẹgba, gbogbo ohun tó mọ̀ ló ń fò lọ. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Ọdẹ́dìran ṣe gbé ọpọ́n ayò wọ kíláàsì. Àwọn kan ń kọrin òǹkà, àwọn kan ń kọ ọ́ sí iyẹ̀pẹ̀, Àṣàkẹ́ sì ń fi ọmọ ayò kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Bí Láṣebìkan ṣe yọjú lójú fèrèsé nìyẹn. "Yéè! Mo rán ọmọ níléèwé, ayò ló ń ta!"

"Ẹ wọlé, bàbá. Ẹ jókòó, kí ẹ wo bó ṣe ń lọ," ni tíṣà wí.

"Kí n jókòó wo kí ni? Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ mi nìkan lọ̀nà! Ẹ gbé ọpọ́n yẹn kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá ti ọjà dé lọ́la, oko ni Àṣàkẹ́ ń bá mi lọ. Kò ní wá síbí mọ́."

Ọmọ bú sẹ́kún. Tíṣà bẹ bàbá títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò gbọ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí Láṣebìkan àti Àṣàkẹ́ ru iṣu dé etí odò, omi ti bo afárá. Láṣebìkan pòṣé, ó yà gba ẹ̀yìn òkè, ọmọ tẹ̀ lé e. Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé lọ́jà.

"Ẹ kú ọ̀nà, bàbá. Ṣé ẹ rí odò sọdá?"

"Odò wo? Ẹ̀yìn òkè la gbà."

"Háà! Ọ̀nà odò tí bàbá yín fi hàn yín nígbà èwe ńkọ́? Ẹ ò bá dúró sétí odò."

Inú bí Láṣebìkan. "Ṣé orí mi dàrú ni? Ọjà ni mò ń lọ, kì í ṣe odò! Bí ibì kan bá dí, ṣebí èèyàn á gba ibòmíràn!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti sú u. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ sọ o, bàbá! Ẹgba lodò tó kún mọ́ Àṣàkẹ́. Ayò ni ẹ̀yìn òkè tirẹ̀."

Láṣebìkan yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Àṣàkẹ́, pín iṣu yìí sọ́nà mẹ́ta fún mi, kó dọ́gba."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi iṣu síbí, ó ń fi sọ́hùn-ún bí ẹni ń ta ayò. Kò ṣì í. Bàbá rẹ̀ tún un kà, ó tún un kà, ó dọ́gba.

Nígbà tí iléèwé wọlé, Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ló gbé ọpọ́n ayò ilé rẹ̀ lọ fún tíṣà. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí olórí kunkun bá dí wa lọ́nà, àwọn àgbà a máa wí fún un pé: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.