Nígbà tí Òjò Pa Ọ̀nà Àpáta Rẹ́

Lórí àpáta, ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ títí tó fi funfun ni ọ̀nà. Òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ dúdú. Ibídùn àti Adérìn, ọmọ àdúgbò rẹ̀, tí wọ́n ń gun òkè, kò rí ọ̀nà mọ́. Igbó tí wọ́n ti jáde nìkan ló ṣì hàn lẹ́yìn wọn.

"Bọ̀dá Dérìn, ó ti rẹ̀ mí. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí."

"Ẹlẹ́sẹ̀ òwú! Lọ bá ìyá ẹ kó pọ̀n ọ́!"

Ibídùn nìkan ló padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Adérìn ṣì wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Àpáta nìkan ló ń dáhùn. Ìyá Ibídùn, tí tirẹ̀ ti délé, kò lè wọlé sùn. Ó ń bá a pè é, ohùn àwọn méjèèjì sì ti kẹ̀.