Àmù Méje Lẹ́yìnkùlé Ògúnjìmí

Ní ìlú Ìdíàpáta, orísun kan wà lábẹ́ òkè tí omi rẹ̀ máa ń tutù rinrin, bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ mú. Ẹja dúdú kékeré kan ń gbé inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Agbo ilé Ògúnjìmí kì í jẹ ẹ́. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá Ògúnjìmí fi ń gun òkè lọ síbẹ̀ láràárọ̀, tí ó ń ṣa ewé kúrò lójú omi, tí ó sì ń fọ́n èérún iṣu fún ẹja. Nígbà tí ikú dé bá a, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tán lójú rẹ o." Ògúnjìmí sunkún, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọn kò ní í tán.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, èèyàn rere ni Ògúnjìmí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ohun tí kì í fi agbára ṣe. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, ògiri a mì. Bí ó bá gbé ọmọ ọwọ́ láti bá a ṣeré, ìyá ọmọ á ti máa na ọwọ́ láti gba ọmọ rẹ̀ padà. Ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń bínú sí i.

Ọdún tí ìyá kú gan-an ni ọ̀dá dá. Orísun gbẹ títí ó fi ku ẹrẹ̀ lásán. Ẹja méje péré ni Ògúnjìmí rí kó nínú ẹrẹ̀ náà. Ó gbé wọn wálé, ó kó wọn sínú ìkòkò ńlá kan lẹ́yìnkùlé, ó ní kí wọ́n wà níbẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ẹja tí òtútù ti mọ́ lára kò lè fara da ooru ilé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, méjì ti kú.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ni ó ronú kan àmù. Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ṣebí omi inú àmù kì í gbóná, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó? Ẹ jẹ́ kí omi ẹja máa gba inú àmù kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnjìmí létí. Ó ra àmù tuntun méje lọ́wọ́ Ìyá Mọpé amọ̀kòkò, ó rì wọ́n dé ìdajì sínú iyanrìn tútù lábẹ́ igi ìyeyè, ó sì fi ọparun so ọrùn wọn pọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Omi tí a bá bù nínú ìkòkò ẹja, tí a dà sínú àmù àkọ́kọ́, á máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi ti inú èkeje dà padà sórí ẹja. Ó wá ku ẹni tí yóò máa bu omi náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí omi kì í dá gun òkè.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa bù ú."

"Ìwọ kẹ̀?" Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ rẹ tí kò ju ọwọ́ ológbò lọ yìí? Iṣẹ́ géńdé nìyí."

Ó pe àwọn géńdé mẹ́ta wá dán an wò, ó ní ẹni tí omi bá hó jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́. Adígun oníjàkadì ni ó mú un. Kí a tó ṣẹ́jú, omi tí Adígun dà sí àmù àkọ́kọ́ ti ń ya jáde nínú èkeje. Ògúnjìmí pàtẹ́wọ́ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹja márààrún sì ń gbé ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Agbára ni kò tíì tó," ni Ògúnjìmí wí. Ní ọjọ́ kejì, ó fi Láwọyin, ọ̀kan nínú àwọn géńdé tó kù, kún Adígun.

Áà, ọjọ́ burúkú! Omi ń hó yaya, ó ń da ẹja lu ara ìkòkò. Àmù kẹta sán, pàá! Kí Ògúnjìmí tó kígbe pé, "Ẹ dúró!" ẹja méjì ti yí ikùn sókè. Ó gbé èyí tí ó tóbi, ó fi ìka kan ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Ojú náà le koko lábẹ́ ìka rẹ̀. Ni Ògúnjìmí bá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá mi, èmi ni mo ń pa wọ́n!"

Adígun kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí ẹ ṣe ní ká ṣe é náà la ṣe é."

Àwẹ̀ró ránṣẹ́ sí Ìyá Mọpé pé kí ó gbé àmù mìíràn wá. Amọ̀kòkò kì í fi ìkòkò tuntun sílẹ̀ láìdán an wò. Yóò rọ omi sí i díẹ̀, yóò dúró, yóò wo ara rẹ̀ bóyá ó ń jò, kí ó tó tún rọ òmíràn. Nígbà tí wọ́n ti rì í sí àyè èyí tó sán, Ìyá Mọpé mú igbá kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àmù àkọ́kọ́, ó ń rọ omi, ó ń dúró, ó ń wò. Ògúnjìmí jókòó ti ìkòkò ẹja, ó gbé ọwọ́ lé etí ìkòkò náà, kò tilẹ̀ wo ohun tí ìyá náà ń ṣe. Nígbà tí ó pẹ́, omi ṣàn láti ẹnu ọparun ìkẹyìn sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó ta gìrì.

"Ìyá, ó tutù! Kí lẹ fi sí i?"

"Kí ni n ó fi sí i, ọmọ mi? Omi rẹ náà ni. Àmù ní í mú omi tutù, ṣùgbọ́n omi ní láti dúró kí àmù. Èyí tí ẹ ń dà látàárọ̀ kàn ń sáré gba iwájú ilé onílé kọjá ni. Má sì wá sùn lé e lórí o. Bí o bá falẹ̀ jù, oòrùn á ti tún mú èyí tó wà nínú ìkòkò gbóná."

Wọ́n dán an wò títí wọ́n fi mọ ìwọ̀n rẹ̀: igbá kékeré kan, kí a mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igbá mìíràn. Àwẹ̀ró gba iṣẹ́ òwúrọ̀. Ògúnjìmí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ti ọ̀sán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì omi ni ó dà sílẹ̀.

"Bàbá Ìbíwùmí, ẹja lẹ ń tọ́, ẹ ò gé igi," ni Àwẹ̀ró wí, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti kọ́ ọ.

Kò rọrùn fún un rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Ogún ọjọ́ ó lé mẹ́ta ni tọkọtaya náà fi bu omi kí òjò tó rọ̀, kí orísun sì tó kún. Ẹja mẹ́ta tí ó kù kò kú, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò padà, Ògúnjìmí kó wọn sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà gun òkè. Àwọn ará ìlú ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí oòrùn yóò fi ga, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ara Adígun kò gbà á mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún mi, wéré báyìí ni màá débẹ̀."

Ògúnjìmí kò dúró, kò sì yára. Ó ní, "Rárá, àbúrò mi. Mo ti fọwọ́ kan ojú ẹja rí."

Kò sí ẹni tí ó tún kán an lójú. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń sọ bọ̀ láti orí òkè, òun náà sì ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún oníwàǹwára títí di òní olónìí pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.