Ọkọ̀ tí omi rẹ̀ kò dé ojú gíláàsì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, tí ó máa ń fi ọkọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kíndìnrín obìnrin náà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan bá kọjá tí wọn kò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí á sì máa há a. Nítorí náà, wọn kì í pa á jẹ. Ó ti di ọdún kejì tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Akọ̀wé ìjọba ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni ó ń dáná, òun ni ó ń fọṣọ, òun náà ni ó ń wa ọkọ̀. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, irú àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, omi tí ó máa ń tú sí gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò tú mọ́. Bí ó bá tẹ ibi tí à ń tẹ̀, waipa á rìn, ṣùgbọ́n omi kò ní í jáde. Bẹ́ẹ̀ eruku ọ̀nà náà kò kéré. Ó wá di pé kí ó máa gbé ike omi àti àkísà dání. Bí gíláàsì bá ti ṣókùnkùn, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á sọ̀ kalẹ̀, á nù ún, á tún wọlé. Wọ́n lè dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí wọ́n tó dé Mónìyà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní òun yóò tún un ṣe fúnra òun nílé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ fíúsì, ó fi tuntun sí i. Omi kò wá. Ó wo inú ike tí omi náà ń gbé, omi kún inú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ó ra pọ́ǹpù tuntun, ẹ̀rọ kékeré tí ń ti omi náà jáde, ó nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó tú ìbòrí abẹ́ rẹ̀, ó fa pọ́ǹpù àtijọ́ yọ. Omi tútù dà sí i láyà. Ó nù ún, ó fi tuntun náà sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù náà kùn. Omi kò wá.

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ bora. Obìnrin yìí ti dáko àgbàdo fún ogún ọdún kí àìsàn tó dá a jókòó. Ó ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko kọ́ ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní:

"Bàbá Ìbídùn, ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kùn ni? Ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ló dí. Omi kànga tí ẹ ń rọ sí i ni, erùpẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀."

Ọkùnrin náà kò gbórí sókè.

"Ìyá Ìbídùn, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fojú sí ohun tí mò ń ṣe."

Ohùn rẹ̀ kò le. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tí ń rọra ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Ó ń wò ó bí ó ṣe tún ń tú pọ́ǹpù tuntun náà, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò burú, ike omi àti àkísà náà ni àwọn yóò tún gbé lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìrì sẹ̀ sórí ọkọ̀. Wọ́n rìn títí oòrùn fi yọ. Nígbà tí wọ́n kọjá abúlé kan, tipa tí ó ru yanrìn sáré kọjá lára wọn, eruku sì bò wọ́n. Ó yẹ kí ó dúró. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró. Ṣùgbọ́n ó ti dúró lẹ́ẹ̀mẹrin ṣáájú, àkókò ń lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń mí gúlegúle. Ó kàn tẹ waipa. Ìrì àti eruku pò pọ̀, wọ́n di ẹrẹ̀ lójú gíláàsì, oòrùn sì kọjú sí i tààrà. Kò rí nǹkan kan mọ́.

Ó gbọ́ tí ẹnìkan kígbe. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kó sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Ìyá kan tí ó ru igi ìdáná ni ó kígbe. Igi rẹ̀ fọ́n ká, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ni ó forí gbá iwájú ọkọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀. Kí àwọn ará abúlé tó fà wọ́n jáde tán, ọ̀sán ti pọ́n. Wọn kò rí ọkọ̀ mìíràn, wọn kò sì dé ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé obìnrin náà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti wú dé ojú, kò sì dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi wà lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó sọ fún mi pé òun kò lè gbàdúrà. Ó ní òun kàn jókòó ni.

Obìnrin náà yè é. Wọ́n padà sílé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ti bá a wọ́ ọkọ̀ náà wálé, iwájú rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró tì í, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé yẹn?"

Obìnrin náà tún un sọ. Ó ní kí ó fa rọ́bà omi kúrò nídìí ihò tí omi ń gbà jáde, kí ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣí ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó da omi inú ike nù, kí ó sì fi aṣọ sẹ́ èyí tí yóò rọ sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe ń mu ẹ̀kọ tán lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, omi fò sókè, ó tú sí gíláàsì.

Kò yọ̀. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò tún un sọ nígbà náà? Ẹ̀ẹ̀kan péré lo sọ ọ́."

"Mo rí ojú yín. Ó ti rẹ̀ yín. Mo ní kí n má tún fi tèmi kún un."

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà bi í bóyá nǹkan mìíràn wà tí ó ti sọ tí òun kò gbọ́. Obìnrin náà ní:

"Mo ní kí ẹ pe Ìbídùn kó wá. Mo fẹ́ rí i. Mo sọ ọ́ lóṣù Ọ̀pẹ, mo sì tún un sọ lọ́jọ́ ọdún tuntun."

Ìbídùn ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Jọ́ọ̀sì ni ó ń gbé. Ọkùnrin náà wá ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Kì í ṣe pé ó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ etí rẹ̀ rí. Ó pe ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ dé lọ́jọ́ kẹta, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Ìyá náà kú nígbà tí òjò ọdún yẹn ń lọ sópin. Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni wọ́n rí lò pọ̀.

Arákùnrin mi, o wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí, o ní ìyàwó rẹ ti yí padà, pé kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. O ní o kò nà án, o kò bú u, o kò fi ebi pa á. Mo gbà ọ́ gbọ́. O ní iṣẹ́ ń pa ọ́ lọ, pé bí o bá ti wọlé, kí gbogbo ilé dákẹ́ ni o ń fẹ́. Mo gba ìyẹn náà gbọ́. Ó hàn lójú rẹ.

Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkà nìkan kọ́ ní ń pa ẹnìkejì lẹ́nu mọ́. Àánú náà a máa pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó rẹ ti wo ojú rẹ, ó sì ti pinnu pé òun kò ní í fi tòun kún un. Dídákẹ́ tí ilé rẹ dákẹ́ yẹn, ẹ̀bùn tí ìyàwó rẹ ń fún ọ ni, ó sì ń ni ín lára.

Má lọ ra nǹkan fún un lónìí. Má sì ní kí n wá bá a wí, n kò ní í wá. Dé ilé, jókòó síbi tí ó bá jókòó sí, kí o bi í ní ohun tí ó ti sọ tí o kò gbọ́. Ó lè kọ́kọ́ ní kò sí. Jókòó síbẹ̀ náà, pẹ̀lú àárẹ̀ rẹ. Má dìde.