Èbù Tí Igbá Kò Kà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yà sí ilé Òkété àti Ẹmọ́, ìyàwó rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ìyá Ẹmọ́ wà láyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ọmọ rẹ̀ ń so èbù iṣu tí wọn yóò gbìn mọ́ igi nínú àká. Ìyá mú èyí tó kéré jù, ó so ó sókè téńté.

Ó ní, "Wò ó, ó wọ́ nímú bíi tìẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ."

"Ẹ̀yin lẹ kúkú ni imú ọ̀hún, ìyá mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí òjò tó tún rọ̀, ìyá ti kú. Àwọn èbù yẹn ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ìyá ti kọ́ Ẹmọ́ àti ọkọ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣọ́ oúnjẹ ilé. Ẹni tó bá mú iṣu sísè nínú òkìtì tó wà ní ìdáná yóò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sínú igbá. Bí igbá bá ń yára kún, wọn a mọ̀ pé jíjẹ ti pọ̀ jù. Èbù kò ní ẹyọ ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ta ni yóò jẹ èbù?

Òkété ro èyí, ó rò ó dáadáa. Ó gbẹ́ ihò láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀ wọ inú àká. Ó jókòó sẹ́yìn èbù, ó jẹ inú rẹ̀, ó fi èèpo sílẹ̀ lórí okùn kí ó kọjú síta. Kò fọwọ́ kan òkìtì ìdáná rárá. Bí àlejò bá dé, Òkété a gbé igbá, a mì ín. Ẹ bá mi gbè é:

Igbá mi fúyẹ́ o!
Fẹ́rẹ́!
Ọ̀fun mi ò fẹ̀ o!
Fẹ́rẹ́!

Àfè, aládùúgbò wọn, a ní, "Ẹ wo ọkùnrin tó mọ ilé tọ́jú!"

Ẹmọ́ nìkan ló ń wo ikùn ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ ò jẹun, ẹ sì ń sanra."

"Ìbànújẹ́ ìyá rẹ ló wú mi níkùn."

Ẹmọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Òjò rọ̀. Àáró kàn wọ́n. Gbogbo àwọn tí Òkété àti Ẹmọ́ ti bá ro oko wá san án padà. Wọ́n kọ ebè títí ilẹ̀ fi tán. Ẹmọ́ wọ àká lọ kó èbù. Ó tú àkọ́kọ́, ó wó mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Ó tú òmíràn, bákan náà ni. Ó figbe ta. Gbogbo wọn sáré dé.

Àfè ní, "Ebè ti tò lọ rẹrẹ. Òkété, kí la fẹ́ gbìn? Igbá ni àbí ìgbálẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀.

Òkété sáré sí ẹnu ihò rẹ̀ nínú àká kí ó lè sá lọ. Orí wọlé, ikùn kọ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹmọ́, ọ̀kan péré ni mo kọ́kọ́ jẹ. Igbá kò wí nǹkan kan. Nígbà tó yá, èmi alára wá gbà pé n kò jẹ ẹ́."

"Ọwọ́ ìyá mi ló so wọ́n."

"Mo mọ̀."

Ẹmọ́ gbójú sókè. Òkété kò mọ igi í gùn. Ọ̀kan ṣì wà ní téńté, ó kéré, ó wọ́ nímú. Ẹmọ́ gun igi, ó rọra tú u, ó gbìn ín fúnra rẹ̀. Àfè ló lọ wá koríko gbígbẹ bo orí ebè náà.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ohun tí a bá mú jẹ nínú èyí tí a fi pamọ́, jíjẹ náà ni. Ibi yòówù kí ẹ ti mú un, ẹ ju ẹyọ ìgbálẹ̀ sínú igbá.

Òkété ń jù ú báyìí. Oko wọn kún fún ebè. Ọ̀kan ló ní ewé.