Adìgún Tó Fi Ẹnu Rúbọ Nítorí Odò

Ilé-pọ̀-lọ́nà, awo Èrò. A-kí-wọn-kí-wọn-ẹnu-ń-bó, awo Àlejò. Ìjókòó-ò-tán-bọ̀rọ̀, awo Orí Ẹní. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dífá fún Adìgún agbẹ́kànga, lọ́jọ́ tó ń lọ wá ipò Olórí Odò ní ìlú Òkè-Àfọ̀n, tó ń fi ìbínú rìn bí ẹni tó tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ má rò pé ó wù mí láti tún sọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin lẹ fà á. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rú adìyẹ, ẹ ó rú adìyẹ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rú epo, ẹ ó rú epo. Bí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ ṣe ohun kékeré kan tó ni yín lára, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adìgún náà rojọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó já sí.

Odò kan ṣoṣo ni gbogbo Òkè-Àfọ̀n ń mu. Oyè Olórí Odò kì í ṣe oyè ìdílé. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá kú, ẹni tó bá wù yóò jáde, yóò máa lọ láti ilé dé ilé fún oṣù kan. Lọ́jọ́ tí oṣù bá pé, tọkùnrin tobìnrin yóò péjọ sí gbàgede, oníkálukú yóò sì tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Ẹni tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò máa pàṣẹ ibi tí wọn yóò ti pọn omi àti ibi tí wọn yóò ti fọ aṣọ.

Adìgún kò wá ipò rí láyé rẹ̀. Kànga ló ń gbẹ́ fún àwọn ìlú mìíràn, nítorí àpáta kò jẹ́ kí kànga ṣe é gbẹ́ ní Òkè-Àfọ̀n. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró á wú, á bẹ́, aràn funfun á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Wọn á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a, obìnrin náà á sì máa fi ìdí wọ́ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dún yìí, ó ti mú ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, Adìgún á ní ó lọ sóko. Ojú ń tì í.

Ó mọ ibi tí sòbìyà ti ń wá. Inú odò ni gbogbo ìlú ń wọ̀ kí wọ́n tó pọn omi, tegbò tegbò. Ó fẹ́ to òkúta sí etí odò, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ kan omi mọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi sọ ọ́ fún Olórí Odò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ kò ju pé òun ti gbọ́. Nígbà tó kú, Adìgún ní òun fúnra òun yóò jáde. Láwóyin náà jáde, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ dùn, tó ní aṣọ púpọ̀, tí kò sì pọn omi rí.

Ni Adìgún bá tọ àwọn awo wọ̀nyí lọ. Ó ní ṣé ipò náà yóò tẹ òun lọ́wọ́? Wọ́n ní yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹbọ ni kó rú. Wọ́n ní kó rú adìyẹ méjì, ìgò epo kan, ẹ̀kọ mẹ́rìndínlógún, àti ẹnu rẹ̀.

“Ẹnu mi báwo?”

“Ilé yòówù kí o wọ̀,” ni wọ́n wí, “o kò gbọdọ̀ dárúkọ ipò náà. Jókòó. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo bá wá, kí o sọ ọ́. Bí wọn kò bá bi ọ́, dákẹ́. Má sì rán ẹnikẹ́ni láti bá ọ sọ ọ́.”

Adìgún wò wọ́n títí. “Ẹ̀yin bàbá, ta ló ń wá nǹkan tí kò ní sọ ọ́?”

“Ìwọ,” ni Ìjókòó-ò-tán-bọ̀rọ̀ dá a lóhùn.

Adìgún rú adìyẹ, ó rú epo, ó rú ẹ̀kọ. Ó mú ẹnu rẹ̀ padà lọ sílé. Mo ní ẹ̀yin lẹ fà á.

Apá Ìsàlẹ̀ ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ogún ilé ló wọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kò tíì jókòó tán tí yóò ti máa sọ̀rọ̀ òkúta, tí yóò máa na ọwọ́, tí yóò máa la òógùn. Ilé tó bá wọ̀, wọ́n á ní, “A ti gbọ́. Tìẹ la ó ṣe.” Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn awo ti darúgbó. Àfi ìgbà tí Oyèdèjì ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà tó ní, “Adìgún, gbogbo Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni Láwóyin ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn òun o.”

Adìgún sáré padà sí ilé àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fi òun ṣẹ̀sín ni? Onílé náà kò tilẹ̀ bínú.

“Kí ni kí n wá ṣe? O wọlé, o sọ̀rọ̀, o dìde. Mo dá ọ lóhùn kí o lè máa lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, Adìgún já wọ ilé àwọn awo. Kò kí wọn dáadáa. “Mo mú ẹnu wá,” ló wí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyọnu wá dé wàyí. Ẹ kúkú mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ yìí. Ta ni yóò dojú kọ àlejò kí ó bi í pé kí ló bá wá, bí ẹni ń lé e? Àlejò ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, àlejò yìí kò gbọdọ̀ sọ. Onílé á dákẹ́ nítorí ọmọlúàbí, Adìgún á dákẹ́ nítorí ẹbọ, ilẹ̀ á sì máa ṣú bọ̀.

Nílé Bàbá Oyèéwọlé ahunṣọ, bàbá kí i. Ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ìyàwó. Adìgún ní ìyàwó òun lọ sóko. Wọ́n gbé omi fún un, ó mu ún. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́. Bàbá wo Adìgún, Adìgún wo Bàbá. Nígbà tó pẹ́, bàbá na òwú sí i pé kó bá òun dì í mú. Ó di òwú mú títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Bó ti ń dìde, bàbá ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O mà ní sùúrù o.” Sùúrù kẹ̀! Ká ní wọ́n fọwọ́ kan àyà ọkùnrin náà ni, wọn ì bá sá.

Ti Bàbá Àyọ̀ká tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló wà nílé náà tí wọn kò tíì lọ́kọ. Adìgún lọ jókòó, kò sọ ohun tó bá wá. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti gbá àgbàlá, wọ́n ti gúnyán. Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ wúkọ́, ó ní ìdílé àwọn kì í le koko lọ́rọ̀ ìdána. Òkèlè há Adìgún lọ́nà ọ̀fun.

Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí, ó ń dúró dè é.

“Bàbá Àjíkẹ́, wọ́n ní ẹ fẹ́ fẹ́ Àyọ̀ká.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ẹsẹ̀ mi ló fà á, àbí? Ẹ ti rí i pé n kò ní rìn mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Adìgún dé egungun. Ó jókòó tì í, ó sọ bí ẹbọ náà ti rí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹsẹ̀ mú.

“Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá,” ló wí. “Ẹ kúkú sọ ọ́ fún wọn. Ta ló máa mọ̀?”

“Nígbà tí mo ń sọ ọ́, kí ni mo rí?”

Adìgún rọra fa aràn ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó ká a mọ́ igi. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Ó mọ̀ pé bí Láwóyin bá gba ipò yìí, kò ní to òkúta kan, àti pé bó bá fi di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, Àwẹ̀ró lè má dìde mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba apá Òkè ìlú lọ, sílé opó kan, Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ìyá kí i tán, ó gbé igbá ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni agbẹ́kànga fi bó ẹ̀gúsí, tí èékánná rẹ̀ ń ro ó, tó ń fi inú ṣépè. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mí kanlẹ̀.

“Ọmọ ọmọ mi tí mo ní ó lọ sóko, kò lọ sóko o. Ó wà nínú yàrá. Sòbìyà ti dá a jókòó.”

Ẹnu Adìgún là. Gbogbo ọ̀rọ̀ òkúta rọ́ dé ẹnu rẹ̀, wọ́n fẹ́ jáde. Ó ju ẹ̀gúsí sí ẹnu, ó rún un. Nígbà tó gbé e mì tán, ohun tó béèrè ni pé, “Ẹsẹ̀ wo ni?”

Ìyá mú un wọ yàrá. Adìgún wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi bí wọn ṣe ń ká aràn láìjẹ́ kó já hàn wọ́n. Ó ní, “Ìyá, ìyàwó tèmi náà kò lọ sóko.” Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé tí wọ́n bá ti béèrè Àwẹ̀ró, Adìgún á ní ó wà nílé, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Onílé á wo ẹ̀yìn, á ní kó bọ́ sínú yàrá. Ó padà sílé Bàbá Oyèéwọlé. Ó padà sílé Bàbá Àyọ̀ká, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ọkọ ìyàwó. Gbogbo ìlú ló ní ẹni tó lọ sóko. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan, ẹ gbọ́ mi o, kò sí ẹyọ kan tó bi í pé kí ló bá wá.

Ọjọ́ pé. Láwóyin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbàgede. Ó ní Òkè ni yóò máa kọ́kọ́ pọn omi. Ó yíjú sí apá kejì, ó ní Ìsàlẹ̀ náà ni yóò máa kọ́kọ́ pọn ọ́n. Wọ́n hó yèè. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn rẹ̀ wìtìwìtì. Adìgún dá dúró, ó di ẹnu pa, nítorí pé wọn kò tíì bi í. Oyèdèjì fi ọwọ́ bojú. Adìgún ronú Àwẹ̀ró lórí àpótí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá dìde.

“Ẹ dúró ná. Adìgún, ọjọ́ mẹ́ta lo fi bó ẹ̀gúsí nílé mi. Ojú tì mí láti bi ọ́ nígbà náà. Kí lo bá wá?”

Ọ̀rọ̀ tó ti to jọ láti oṣù kan fò lọ pátápátá. “Ẹsẹ̀ ni mo bá wá, Ìyá,” ló wí. “Ti ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo wá rí mọ́kàndínlógójì ní ìlú yìí. N kò ní dárúkọ ilé kankan. Odò ló ń fún wa ní sòbìyà. Bí ẹ bá gbà fún mi, n ó to òkúta síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wọ inú omi mọ́. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fún yín.”

Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní, “Tilé mi wà nínú rẹ̀,” ó lọ dúró sẹ́yìn Adìgún. Bàbá Oyèéwọlé tẹ̀lé e. Bàbá Àyọ̀ká ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé ẹni tó lọ sóko wá sí gbàgede. Ilé mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tiro ń bọ̀, ẹni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ń bọ̀, wọ́n gbé Àwẹ̀ró náà dé. Ẹni tó ti tò sẹ́yìn Láwóyin rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìlà sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ìlà Adìgún tó tò tán, nítorí pé àwọn tó ń tò ó kò lè yára.

Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni ìyálé Láwóyin. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó kọjá níwájú ọkọ rẹ̀, kò wò ó.

“Ogójì ni, Adìgún,” ló wí. “O kò dé ilé wa.”

Báyìí ni Adìgún ṣe di Olórí Odò. Ó to òkúta kí òjò tó dé. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, sòbìyà ṣì yọ, àwọn kan sì ti ń bú u, ẹ sáà mọ ọmọ aráyé. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì, kò yọ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rẹ̀ karí, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sódò, ó dúró lórí òkúta, ó pọn omi. Adìgún lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo, àwọn awo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe wí. Ìjókòó-ò-tán-bọ̀rọ̀ ní òun mọ̀.

Ẹni tó rú ẹbọ tó rú u pé ni ire ń dé bá, ẹni tí wọ́n gbà nímọ̀ràn tó gbà ni kì í sunkún. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rú adìyẹ lánàá tẹ́ ẹ mú ìyókù padà sílé, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ lọ mú un wá.