Igbá Tó Wà Lórí Bàbá Àṣàmú

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé àgbà wo ló jẹun, àti pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò wò, ẹ ó máa wo ojú ara yín ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo da odidi àwo ìrẹsì sí ààtàn, tí ìyá ìyá mi sì ká mi mọ́ ibẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà ní abúlé Ìdí-Òro tí ń jẹ́ Àṣàmú. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà o, ẹ má tíì bínú sí i. Àṣà ibẹ̀ ni pé àgbà kì í jẹun kan ìdí igbá. Ọmọ tó gbé oúnjẹ wá yóò jókòó sẹ́yìn àgbà, òun ni àjẹkù tọ́ sí, òun náà ni yóò sì fọ igbá, tí yóò rù ú padà sílé. Nígbà tí ìyàwó Àṣàmú wà láyé, wọ́n jọ ń jẹun ni. Bí oúnjẹ bá ti ń lọ sísàlẹ̀, ìyàwó a fọwọ́ kàn án lórúnkún, a ní, "Bàbá Adégún, ẹ wẹ̀yìn." Àṣàmú a rẹ́rìn-ín, a ṣan ọwọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ mọ́.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìyàn mú. Moríyíkẹ́, ìyàwó Adégún ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò nínú ilé. Èèpo iṣu di ti ewúrẹ́, eérú di ọṣẹ, omi tí ó fi fọ ẹ̀wà ni ó ń bu sídìí ata. Síbẹ̀, oúnjẹ kò tó; ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́. Láràárọ̀, a bu ìwọ̀nba tó wà sínú igbá, a gbé e ru Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ, pé kó gbé e lọ fún bàbá àgbà lóko. A sì sọ fún un pé, "Ìpín tìrẹ wà nínú ti bàbá." Kò bù ú sọ́tọ̀. Ta ni yóò tún pín ohun tí àṣà ti pín?

Lóko, Àṣàmú a kọjú sí ebè, ọmọ a jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn bàbá á wà lọ́dọ̀ òkú, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ sẹ́nu. Kó tó mọ̀, èékánná rẹ̀ ti ń ha ìdí igbá. Ìbídùn a kúnlẹ̀, a ní, "Á gba ibi ire, bàbá," a gbé igbá lọ fọ̀ lódò, a sì mu omi yó. Ọmọ tí a kọ́ kì í tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ àgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àṣàmú gbọ́ tí igbá ṣubú. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìbídùn wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó fi oríkì pè é:

"Àdùbí mi, kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, bàbá. Ṣé igbá ò fọ́?"

"O ti jẹun lónìí?"

Ọmọ náà wo inú igbá.

Ó yé Àṣàmú, ó sì dùn ún dé egungun. Ó pọn ọmọ náà, ó gbé igbá òfìfo lé orí ara rẹ̀, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà dúró, wọ́n ń wo arúgbó tó ru igbá.

"Háà! Bàbá, ẹ̀yin lẹ ru igbá? Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà lẹ́yìn mi," ni ó wí, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yìn ọ̀hún ni n kò wò. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Moríyíkẹ́ sáré wá ẹ̀kọ mímu lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n ń fún ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là. Láti ọjọ́ náà, Àṣàmú kò jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí. Bí oúnjẹ bá sì ti ń lọ sísàlẹ̀, Ìbídùn a fi ọwọ́ kékeré kan bàbá àgbà lórúnkún.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń ná ohun gbogbo tán, tó ń gé igi oko láìgbin òmíràn, tàbí tó ń da oúnjẹ nù bí ẹni pé òun lẹni ìkẹyìn láyé. Bí wọ́n bá pa á fún yín, ẹ má bínú, ẹ wẹ̀yìn. Ọmọ kan lè wà níbẹ̀ tí ebi ń pa, tí ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.