Ògúndíjọ Àjàgbé, Balógun Tí Ó Kọ Igbá Ikú

Ní ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìpàrà sọ gbogbo oko tó wà lẹ́bàá odò Àwéré di ahoro, kò sí ẹni tó ń fi ọkàn balẹ̀ sùn ní ìlú Ìrọ́mú. Arógunyọ̀ ni orúkọ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin náà, ọkùnrin gàgàrà tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá wọ ìlú, iná ni ó fi í dágbére. Òun ló jó Ìsòlú. Òun náà ló jó Ẹ̀gbọ́rọ̀ ní ọ̀sán gangan, tí àwọn obìnrin Ìrọ́mú fi ń gbọn eérú kúrò lára aṣọ tí wọ́n sá síta. Àwọn ará Ìrọ́mú mọ̀ pé àwọn ló kàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbójú lé, ìyẹn Balógun wọn, Ògúndíjọ Àjàgbé, Eruku tí í bo ẹlẹ́ṣin lójú, Apó-kì-í-gbọfà-tán, ọkùnrin tí ó ti ń lé ogun kúrò lẹ́nu odi ìlú náà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí tí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀.

Ògúndíjọ kó ọmọ ogun jáde lọ sí etí odò. Èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró ní bèbè tiwọn, kí àwọn ọ̀tá wá bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ránṣẹ́ sí i pé kí ó rékọjá, nítorí òdìkejì ni oko àwọn wà, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ibi tí ìjà ti ń gbóná lọ́wọ́ ni òjò ńlá ti rọ̀ ní orísun odò, Àwéré sì kún lẹ́yìn wọn. Ẹṣin wà níwájú, omi wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Ìrọ́mú ni omi gbé lọ lọ́jọ́ náà. Ògúndíjọ fúnra rẹ̀ gba ọ̀kọ̀ sí itan. Orí igi ni wọ́n tẹ́ ẹ sí gbé e wálé, ó sì fi apá bo ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá láàárín àwọn ìyá tó ń wá ọmọ wọn.

Àṣà kan wà ní Ìrọ́mú nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Balógun tí ogun bá ṣẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ láyé mọ́. Àwọn ìjòyè yóò bu májèlé sínú igbá, wọn yóò fi aṣọ funfun bò ó, wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ó bá mu ún, wọn yóò sin ín bí akọni, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ oyè. Bí kò bá mu ún, wọn yóò kó ilé rẹ̀, wọn yóò sì lé e jáde. Kò tíì sí èyí tí kò mu ún rí. Bàbá Ògúndíjọ pẹ̀lú mu ún. Ògúndíjọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì rí bí bàbá rẹ̀ ti wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé igbá sẹ́nu.

Aṣípa Oyèékàn ni ìlú rán. Àgbàlagbà ni, òun ló kọ́ Ògúndíjọ ní ìjàkadì nígbà èwe, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ó gbé igbá náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ó ní, “Àjàgbé, ìlú kí ọ. Ìlú ní o ti ṣe é tó. Ìlú ní kí o máa lọ sinmi.”

Ògúndíjọ ṣí aṣọ kúrò lórí igbá náà, ó sì gbé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kúrò létí odò ni ó ti ń gbàdúrà kí ikú wá. Bí ó bá dijú, orí àwọn ọmọkùnrin tó ń rì ni ó ń rí. Lójú rẹ̀, ohun tó wà nínú igbá náà kò burú tó èyí tó wà nínú ọkàn rẹ̀.

Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, jáde wá láti inú yàrá, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sunkún.

Ó ní, “Olówó orí mi, n kò ní já a gbà lọ́wọ́ yín. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ta ló fẹ́ kí ẹ kú?”

“Ìlú ni.”

“Mo ti gbọ́ ti ìlú. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ògúndíjọ tẹjú mọ́ igbá náà. Ó ní, “Ojú ń tì mí, Àwẹ̀ró. Ìtìjú náà kò jẹ́ kí n mí.”

“Ìtìjú ló ń sọ̀rọ̀ yẹn,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n Ògúndíjọ ni mo bi léèrè. Bí ẹ bá yọ ti ìlú kúrò, tí ẹ yọ ti ìtìjú kúrò, kí ni ó kù?”

Ọkùnrin náà wo inú ara rẹ̀ títí. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, ó pọ̀ bí omi Àwéré. Ìbínú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó rí i pé òun ṣì fẹ́ mọ bí ogun náà yóò ti parí, òun ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọ òun, òun sì fẹ́ san díẹ̀ nínú gbèsè tí òun jẹ àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Kò rí ìfẹ́ láti kú níbẹ̀. Ó gbé igbá náà kalẹ̀.

Ó ní, “Aṣípa, ẹ gbé e padà. Ikú yìí kì í ṣe tèmi.”

Aṣípa ti igbá náà padà síwájú rẹ̀. “O mọ ohun tí ò ń sọ? Ẹ̀mí Balógun kì í ṣe ti Balógun, ìlú ló ni ín. Bí olórí ogun bá mọ̀ pé bí òun ṣẹ́gun, bí òun kò ṣẹ́gun, òun yóò wálé wá jẹun, ta ni yóò tún jà dójú ikú fún wa?”

“Bí ìlú bá rán mi lọ sójú ogun, mo gbọdọ̀ lọ,” ni Ògúndíjọ dáhùn. “Mo ti lọ láìmọye ìgbà, ẹ kò sì gbọ́ rí pé mo kọ̀. Ẹ̀mí tí mo fi sílẹ̀ fún ìlú nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ gbé wá yìí, ta ni yóò gbà là? Ṣé bí mo bá mu ún, àwọn ọmọ tó bá omi lọ yóò jáde? Ṣé Arógunyọ̀ yóò yí ẹṣin rẹ̀ padà? Ẹ fẹ́ kí n kú kí ọkàn yín lè fúyẹ́. Bàbá mi kú bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀, Aṣípa, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Gbogbo yín ń yìn ín tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè sọ pé òun kò fẹ́. Ọjọ́ tí èmi bá fẹ́ lọ, ẹnu mi ni yóò sọ ọ́. Ẹ kò ní fi ẹnu yín bá mi sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn Aṣípa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni ó wá jẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó ilé Ògúndíjọ, wọ́n sì ṣí ibodè fún un kí ó máa lọ. Kò dá lọ o. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ létí odò gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n sì tẹ̀ lé e, ẹlẹ́sẹ̀ kan, afọ́jú tuntun, ẹni tí wọ́n pọ̀n, ẹni tó ń fi igi rìn, pẹ̀lú àwọn aya àti àwọn ará wọn. Wọ́n gòkè lọ sórí òkè àpáta kan tí odò kékeré ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Àfonífojì tóóró kan wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ibẹ̀ nìkan ni ẹṣin sì lè gbà dé Ìrọ́mú.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí àwọn máa lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí Ìrọ́mú fojú ara rẹ̀ rí i. Ògúndíjọ ní, “Àwọn ìyá tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ṣì wà nínú ìlú yẹn. Ẹ gbé mi lọ sí ibi tí odò yìí ti yà.” Wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínà síwájú, tí ó ń pàṣẹ bí wọn yóò ti yí òkúta àti ìtì igi dí ojú omi náà. Ẹni tí kò lè dìde ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ẹni tí kò ríran ń ru òkúta. Omi náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń ṣàn wọ inú àfonífojì, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́ koríko tútù, tí ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Arógunyọ̀ dé, òun àti gbogbo ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ariwo pátákò wọn ń mi òkè. Wọ́n wọ àfonífojì pẹ̀lú eré. Ẹṣin àkọ́kọ́ rì dé orókún, èyí tó tẹ̀ lé e kọlù ú, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì lè dúró mọ́. Ìgbà náà ni Ògúndíjọ gbé ọwọ́ sókè. Àwọn tí wọ́n ní kò wúlò mọ́ ni wọ́n jókòó yí orí àpáta ká, ọrun lọ́wọ́ wọn, ọfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Apó-kì-í-gbọfà-tán ń ta, aya rẹ̀ ń na ọfà sí i. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ogun Ìpàrà ti tú ká, wọ́n sì fa Arógunyọ̀ jáde látinú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni ẹrẹ̀ kò bò. Ó ní kí wọ́n pa òun kí ìtìjú má bàa pa òun. Ògúndíjọ wò ó. Ó ní, “Mo mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kí o lọ sọ ohun tí o rí.” Arógunyọ̀ kò jagun mọ́ láyé rẹ̀.

Gbogbo Ìrọ́mú jáde wá sórí òkè pẹ̀lú orin. Aṣípa Oyèékàn ló ṣáájú, kò dé fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí ó kọ́ ní ìjàkadì. Ó ní kí ó máa bọ̀ nílé. Ògúndíjọ fà á dìde, ó dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò padà. Ó ní níbi tí òun ti rí ẹ̀mí òun gbà ni òun yóò máa gbé. Ọ̀pọ̀ ará Ìrọ́mú ló dúró tì í, ìlú tuntun sì dúró níbẹ̀. Òkè-Àwẹ̀ró ni ó sọ ọ́, nítorí obìnrin tó bi í léèrè.

Wọ́n fi í jọba níbẹ̀, ó sì pẹ́ lórí oyè. Nígbà tí ó di arúgbó kùjọ́kùjọ́, àrùn kan dé sí i nínú, tí ó ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń po agbo kíkorò fún un, ó ń mu ún, ó ń bì í, kò ní ìsinmi. Lọ́jọ́ kan ó ní kò tún gbọdọ̀ sí agbo mọ́, àfi èyí tó lè dín ìrora kù. Oyèéṣílé, àkọ́bí rẹ̀, kò gbà. Ó ní kí wọ́n di bàbá òun mú kí wọ́n ya ẹnu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀mí yín kì í ṣe tiyín nìkan,” ni ó ń wí pẹ̀lú omijé. “Ìlú ló ni yín.”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. “Aṣípa ti sọ èyí fún mi rí, nígbà tí o wà ní kékeré. Ó fẹ́ kí n kú, ìwọ fẹ́ kí n wà. Ìfẹ́ ló mú tìrẹ wá, mo mọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì tó bi mí léèrè.”

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró, tí òun náà ti di arúgbó, sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí ó wà láàyè ju bí Oyèéṣílé ti fẹ́ lọ. Ó ní, “Olówó orí mi, ṣé ìrora ló ń sọ̀rọ̀? Àbí ẹ rò pé ẹ ti ń dà wá láàmú? Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, irọ́ ni. Ẹ kò tíì sú mi.”

“Èmi ni, Àwẹ̀ró. N kò pe ikú. Mo kàn ní kí ẹ má fi agbo dè mí mọ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ jókòó sí ìta, kí n rí ọmọ mi, kí n rí oko.”

Àwẹ̀ró wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì mọ̀ pé Ògúndíjọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. “Ẹ gbé bàbá yín síta.” Wọ́n gbé e síta, wọ́n sì jókòó tì í lójoojúmọ́, wọ́n ń bá a tàkúrọ̀sọ, títí tí ó fi sùn lọ lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni tó ti oko dé.

Láti ìgbà náà ni òfin Òkè-Àwẹ̀ró ti fìdí múlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ikú lọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ayé sú òun, wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan, wọn yóò jókòó tì í títí wọn yóò fi mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aláìsàn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ bi léèrè kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí Oyèéṣílé dá nígbà tí ó jọba ni ti ìyá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ti rọ. Àwọn ọmọ ìyá náà wá sọ pé ìyá àwọn ti jìyà tó, kí ọba fọwọ́ sí i kí wọ́n má fún un lóúnjẹ mọ́ kí ó lè lọ sinmi. Oyèéṣílé dìde lórí ìtẹ́, ó lọ sí ilé wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sétí ẹní tí ìyá náà dùbúlẹ̀ sí.

Ó ní, “Ìyá, kí lẹ fẹ́?”

Ìyá náà kò lè gbé orí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dá ṣáká. “Iṣu tuntun,” ni ó wí. “Kí wọ́n sì fi epo sí i dáadáa.”

Ó jẹ iṣu tuntun lọ́dún náà, ó sì tún jẹ ẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.